Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ń Ṣiṣẹ́, Rìpọ́ọ̀tù Ní Kò Dáa: Kí Ni Ring, Kí Ni 2.5, Kí Ni 32?

Àǹtí kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìwé méje ni, gbogbo ẹ̀ kún fún nọ́ńbà àti àmì, wọ́n wá fi bírò pupa yí ibì kan po. Ohun tó wà níbi tí wọ́n yí po yẹn ni pé ring sọ́kẹ́ẹ̀tì inú fúláàtì wọn ti já, C2 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò ni ohùn wọn wọlé: "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ iṣẹ́ iná, kí ni wọ́n ń sọ gan-an? Lándílọ́ọ̀dù ní irọ́ ni, pé wọ́n kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òun ni, ṣebí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń ṣiṣẹ́. Èmi náà sì dìde, mo tan kẹ́tù, ó hó. Mo tan máíkírówéèfù, ó yí. Kí ló wá já?"

Mi ò lè fi ohùn ìṣẹ́jú kan dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi, torí kì í ṣe àǹtí nìkan, ó kéré tán èèyàn mẹ́rin ló ti bi mi nírú ẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn kan níbí, àwọn kan tó ń kọ́lé sílé. Ẹ jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n lè máa fi ránṣẹ́.

Ìwé wo nìyẹn, kí ló ń jẹ́ C2?

EICR ni wọ́n ń pe ìwé náà, àyẹ̀wò iná ilé ni. Láti 2020 ni òfin ti wà ní England pé ẹni tó bá fi ilé ẹ̀ háyà gbọ́dọ̀ mú ẹni tó mọṣẹ́ wá yẹ iná ibẹ̀ wò, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún márùn-ún, kó sì fún ẹni tó ń gbébẹ̀ ní ẹ̀dà kan kí ọjọ́ 28 tó pé. Àwọn àmì inú ẹ̀ ò ṣòro. C1, ewu ti wà níbẹ̀ báyìí báyìí, ẹni tó rí i ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. C2, ewu ò tíì ṣẹlẹ̀ àmọ́ ó ti lúgọ. C3, kò burú, ó kàn lè dáa jù báyìí lọ ni. FI, nǹkan kan rú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú, ó fẹ́ kí wọ́n wádìí ẹ̀ síwájú sí i. Tí C3 nìkan bá wà níbẹ̀, ilé ti yege. Tí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yòókù bá wà níbẹ̀, ó ti féèlì nìyẹn, onílé sì ní ọjọ́ 28 láti tún un ṣe, ìgbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀. Owó ẹ̀ ò sì kan àǹtí wa.

Fóòtì, áńpù, wáàtì

Ẹ wo táńkì omi tó wà lórí irin gíga lẹ́yìn ilé. Bí táńkì yẹn bá ṣe ga tó ni omi ṣe máa tú jáde tó, ìyẹn ni fóòtì. Níbí àti ní Nàìjíríà, 230 ni, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní 240. Bí omi tó ń gba inú páìpù kọjá bá ṣe pọ̀ tó, ìyẹn ni áńpù. Iṣẹ́ tí omi yẹn wá ṣe nígbà tó débi tó ń lọ, wáàtì nìyẹn.

Ìṣirò ẹ̀ ò jù báyìí lọ: ẹ wo wáàtì tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀rọ yín, ẹ fi 230 pín in, áńpù ló máa jáde. Kẹ́tù 3,000 wáàtì, áńpù 13. Áyọ́ọ̀nù 1,200, áńpù márùn-ún lé díẹ̀. Gúlóòbù 9 wáàtì, ẹ gbàgbé ẹ̀. Fóònù tó ń ṣáàjì, ẹ gbàgbé ìyẹn náà. Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná lẹ máa ṣọ́, kẹ́tù, hítà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ẹ̀rọ ìfọṣọ nígbà tó bá ń gbé omi ẹ̀ kaná, àwọn yẹn ni ọ̀jẹun.

Áńpù ló ń mú wáyà gbóná. Ibi tó sì ti ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé tí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà ò ní di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sápò, a máa tó mú un jáde.

Kí ni 2.5 tí wọ́n kọ sára wáyà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí wáyà ṣe nípọn láti etí dé etí ni. Rárá. Tí ẹ bá gé wáyà yẹn bí ẹni gé iṣu, ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ti bàbà inú ẹ̀ nìkan láì ka rọ́bà, bí ojú yẹn ṣe fẹ̀ tó lápapọ̀ ni 2.5, square milimítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá gbé rúlà lé bàbà 2.5 kan ṣoṣo, kò ní tó milimítà méjì.

Tí ẹ bá wá ń wá iye áńpù tó lè gbé, ẹ ò ní rí i kà lára wáyà, torí wáyà nìkan kọ́ ló ń pinnu ẹ̀. Ẹni tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi àti ẹni tó da agbádá lé bùbá lé kóòtù tó ń ṣiṣẹ́ kan náà, ṣé bákan náà lara wọn á ṣe gbóná? Wáyà 2.5 pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń lò níbí, tí wọ́n bá kàn án mọ́ ara ògiri níta gbangba, áńpù 27 ló lè gbé. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí síílìnì, tí wọ́n wá da òwú tó ń ká ooru mọ́lé lé e lórí kọjá 100 milimítà, ó di 17. Tí òwú yẹn bá bò ó yíká nínú ògiri, ó di 13 ààbọ̀. Wáyà kan náà o, wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan!

Rọ́bà tó bò ó ò fẹ́ kí bàbà inú ẹ̀ ju 70 dígírì lọ. Kì í ṣe pé ó máa yọ́ lọ́jọ́ tó bá kọjá bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń gan díẹ̀díẹ̀, á le, á pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí awọ bàtà tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn, ó lè gba ọdún mẹ́wàá. Ìdí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn nìyẹn pé tí ìjọba bá rán ẹni wá kó òwú sí òkè ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́ kí owó gáàsì lè dín kù, inú mi dùn fún yín, àmọ́ ẹ bi wọ́n bí wáyà tó wà níbẹ̀ ṣe máa rí lábẹ́ òwú yẹn, torí wọ́n lè ba iná ilé yín jẹ́ láì fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ta ni bírékà ń ṣọ́?

Kì í ṣe kẹ́tù. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Wáyà inú ògiri ni bírékà ń ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ara yín ni RCD, èyí tó ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ T tàbí Test sí, tí ìwọ̀nba iná tó tó 30 miliáńpù bá ti ṣìnà gba ara èèyàn bọ́ sílẹ̀, á já kó tó ṣe yín ní jàǹbá. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ọ̀kan ò lè bá èkejì ṣe é.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ ni pé bírékà ní sùúrù. Ẹni bá rò pé bírékà 32 á já lójú ẹsẹ̀ tí áńpù bá di 33, irọ́ ni. Ó lè gbé 36 fún odindi wákàtí kan kó má ṣe bí ẹni gbọ́ nǹkan kan. Ó di bíi 46 kó tó di dandan fún un láti já, ìyẹn náà sì lè tó wákàtí kan kó tó ṣe é. Tí live, wáyà tó ń gbé iná wá, bá kan neutral, èyí tó ń gbé e padà, lójijì nìkan lẹ máa ń rí i tó já pàá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ kó máa já nígbàkígbà tí mọ́tò fìríìjì bá ta?

Ó túmọ̀ sí pé nọ́ńbà bírékà àti wáyà tó wà lábẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Tí wáyà bá kéré sí i, wáyà á ti máa jóná lọ́wọ́, bírékà á sì jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rò pé òun ń ṣiṣẹ́ òun.

Ring wá ńkọ́?

Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló bí i, ogun ló sì fà á. Ní 1942, Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù ti wó ilé lọ súà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti ronú bí iná ilé á ṣe rí lẹ́yìn ogun. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, Caroline Haslett, ẹnjiníà iná. Bàbà wọ́n nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ilé àtijọ́ sì rèé, sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà tiẹ̀ láti ìdí fíùsì, oríṣiríṣi ni wọ́n sì jẹ́, olójú roboto áńpù 2, áńpù 5, àti áńpù 15, tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ láti yàrá kan sí èkejì púlọ́ọ̀gì ẹ̀ lè má wọlé. (15 olójú roboto yẹn náà ni ẹ ṣì ń rí tí wọ́n fi ń tan éésì nílé.) Rìpọ́ọ̀tù wọn jáde ní 1944, nígbà tó di 1947 ni ìlànà púlọ́ọ̀gì olójú pẹlẹbẹ mẹ́ta jáde, BS 1363, òun náà ni gbogbo wa ń lò ní Nàìjíríà dòní. Àwọn Faransé àti Jámánì ò bá wọn dá sí ring, ẹni tó ń gbé Kútọnu tàbí Lomé, tó jẹ́ pé ti Faransé ni wọ́n ń lò, ó ṣòro kó bá a pàdé.

Bó ṣe rí nìyí. Wáyà kan jáde láti ìdí bírékà 32, ó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó kọjá sí èkejì, sí ẹ̀kẹta, ó yí gbogbo ilé ká, nígbà tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn kò dúró síbẹ̀, ńṣe ló tún padà wá sídìí bírékà kan náà tó ti jáde. Live ṣe bẹ́ẹ̀, neutral ṣe bẹ́ẹ̀, earth, wáyà ààbò tó ń gbé iná tó bá ṣìnà bọ́ sílẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ìlẹ̀kẹ̀, wáyà ni okùn, ibi tí wọ́n ti ta á ní kókó ni bírékà.

Torí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń gba iná láti ọ̀tún, ó ń gbà á láti òsì. Ẹ fojú inú wo ọmọ méjì tó jọ gbé báàfù omi bọ̀ láti ìdí kànga, ọ̀kan di etí kan mú, èkejì di etí kejì. Ẹnì kan nínú wọn ò lè dá gbé 32, àmọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan lè gbé 20. Tí wọ́n bá jọ gbé e, ó rọrùn. Ìyẹn ni wáyà 2.5 ṣe wà lábẹ́ bírékà 32 tí kò sì ní wàhálà, òfin iṣẹ́ sì ní wáyà inú ring ò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí kò lè gbé 20 níbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí. Ẹ rántí òwú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Wọn kì í pín in dọ́gba ṣá o. Ọ̀nà tó kúrú ni iná fẹ́ràn. Ká ní kíṣínì wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin ring náà láti ìdí bírékà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áńpù kíṣínì ló máa gba ọ̀nà kúkúrú yẹn. Kẹ́tù, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti tósítà pa pọ̀ di 32: 24 á gba ibí, 8 á gba ọ̀hún. Èmi tó bá jẹ́ tèmi, kíṣínì á ní tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Tó bá já, kí ló dé tí gbogbo nǹkan ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ibi tí lándílọ́ọ̀dù àǹtí ti ṣìnà nìyí, mi ò sì bá a wí púpọ̀. Ohun gbogbo tí a mọ̀ láyé, tó bá já, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́líìtì mọ́tò já, mọ́tò dúró. Okùn kànga já, korobá rì.

Ring ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ já okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn níbì kan, àmọ́ kí orí méjèèjì ṣì wà nídìí kókó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lápá ọ̀tún ibi tó já ṣì ń rí iná láti ọ̀tún, àwọn tó wà lápá òsì ṣì ń rí iná láti òsì. Kẹ́tù á hó. Máíkírówéèfù á yí. Kò sí iná tó máa ṣẹ́jú, kò sí ariwo kankan. Ohun tó yí padà ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì yẹn ti jọ̀wọ́ báàfù, ó ti sá lọ ṣeré, èkejì ló ń dá gbé e. Bírékà tó wà níwájú, ẹni méjì ni wọ́n sọ fún un pé ó ń ṣọ́, ó ṣì ń jẹ́ kí 32 kọjá. Ibi tí áńpù 16 ń gbà tẹ́lẹ̀, 32 lè máa gba ibẹ̀ báyìí. Ẹ mú ohun tí ẹ fi sápò lẹ́ẹ̀kan jáde: ìlọ́po méjì áńpù, ìlọ́po mẹ́rin ooru.

Ó tún burú díẹ̀ sí i tó bá jẹ́ earth ló já, torí earth kì í ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́, ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan la máa ń wá a, a lè wá a ká má bá a.

Bó ṣe máa ń já ò ju ọ̀nà méjì mẹ́ta lọ. Sikúrù tí wọn ò dè dáadáa. Ẹni tó pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó rí wáyà méjì nínú ihò kan, tó ní ọ̀kan ti tó. Àti ẹ̀ka. Ẹ lè ya wáyà kan lára sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ring lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, spur làwọn oníṣẹ́ ń pè é, ẹyọ kan péré ni wọ́n gbà yín láàyè lára sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Àmọ́ mo ti wọ ilé tí ẹ̀ka bí ẹ̀ka, tí ẹ̀ka náà tún bímọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì oníbejì mẹ́rin ló ń mu ọmú lára wáyà 2.5 kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀kan tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Fíùsì inú púlọ́ọ̀gì ńkọ́?

Òun ni ìdajì ring tí gbogbo wa gbàgbé. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jáde lára fáànù yín, tí 32 bá gba inú ẹ̀, ó ti jóná tipẹ́ kí bírékà tó gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará 1947 fi sọ pé kí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní fíùsì tiẹ̀ nínú, áńpù 3 fún ẹ̀rọ tí kò ju 700 wáàtì lọ, 13 fún èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá mú bébà sìgá tó ń dán wé fíùsì tó ti jóná, èmi náà ti ṣe é rí kí n tó gbọ́n, ó ti yọ ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àti bírò! Gbogbo wa la mọ bírò. Púlọ́ọ̀gì olójú méjì láti ilẹ̀ òkèèrè ò wọlé, a fi ẹnu bírò ti ihò òkè, ihò méjì ìsàlẹ̀ ṣí, a ti púlọ́ọ̀gì wọlé. Ìlẹ̀kùn kékeré ló wà nínú ihò méjì yẹn, wọ́n ṣe é kí ọmọdé má bàa ki nǹkan bọ̀ ọ́, irin earth tó gùn ju àwọn yòókù lọ ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Bírò yín ti jí kọ́kọ́rọ́ yẹn lò. Púlọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ ti wọlé yẹn ò ní fíùsì, irin ẹ̀ roboto, kò di ibi tó yẹ kó dì mú, ibi tí nǹkan ò bá ti fara kanra dáadáa sì ni iná ti máa ń ta, tó ń gbóná.

Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n onígbáǹgbá tí wáyà ẹ̀ ká mọ́nú ńkọ́? Ẹ tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi hítà sí i. Wáyà tó ká jọ ń mú ara ẹ̀ gbóná ni, bí èèyàn mẹ́fà tó sùn lórí ẹní kan nínú oṣù kẹta.

Ohun tí mo bá nílé àǹtí

Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo pa iná ilé pátápátá, mo ṣí bọ́ọ̀dù, mo tú orí méjèèjì ring kúrò nídìí bírékà, mo fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n láti orí dé orí. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà tó, tí nọ́ńbà kékeré bá jáde, wáyà ò já nìyẹn. Live sí live, 0.42 ohm, ó pé. Earth sí earth, 0.70, ó pé náà, bàbà tiẹ̀ ló tínínrín jù, ìdí tó fi ga jù nìyẹn. Neutral sí neutral, ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Mo mú ẹnu ẹ̀rọ kúrò, mo tún un fi sí i. Kò sí nǹkan.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin ni, lẹ́yìn fìríìjì. Bí mo ṣe fà á síwájú, òórùn jáde. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, wọ́n ní, "Òórùn ẹja yẹn rèé! Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà ọdún Kérésì, mo rò pé ará òkè ló ń dín ẹja." Rọ́bà sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń jó díẹ̀díẹ̀ ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀, bí ẹja. Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ tí ẹ ò sì dáná, ẹ pa iná ibẹ̀.

Wáyà neutral mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú ihò kan níbẹ̀, méjì ti ring, ẹ̀kẹta ti ẹ̀ka tí ẹnì kan yà lọ sí fìríìjì. Méjì ló wà nínú ihò. Ọ̀kan lára méjì ti ring ti yọ bọ́ sílẹ̀, ó ń wo ògiri. Nínú méjì tó kù, rọ́bà búlúù ti ọ̀kan ti di bíráùn, bí mo ṣe fi èékánná kàn án ló fọ́ sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Live ń gba ọ̀nà méjì lọ, neutral ń gba ọ̀nà kan bọ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tó bọ́. Bírékà ò já rí, àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà wọ́n gbọ́.

Mo gé ibi tó jóná kúrò, mo fi wáyà tuntun so ó gùn, mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo de sikúrù, mo fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò bóyá á yọ. Mo tún wọ̀n ọ́n, neutral di 0.42 bíi ti live. Kò tó wákàtí kan. Àǹtí tan kẹ́tù, wọ́n ń wò mí, wọ́n ní bó ṣe ń hó tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe ń hó. Bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ilé tí à ń kọ́ sí Nàìjíríà ńkọ́?

Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ni mo ti kọ́ṣẹ́, kí n tó wá tún un kọ́ níbí. Ohun tí ọ̀gá mi fi lé wa lọ́wọ́ ni: 1.5 fún gúlóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4 fún éésì, 6 fún kúkà, bírékà sọ́kẹ́ẹ̀tì 32. A kọ́ ọ sórí bí ABD. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé 2.5 àti 32, inú ring nìkan ni wọ́n ti ń fẹ́ ara wọn. Ohun tí à ń ṣe ni pé a fa 2.5 láti bírékà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, a lúùpù ẹ̀ lọ sí èkejì, títí kan ìkẹyìn, ó parí síbẹ̀. Kò padà. Ìyẹn kì í ṣe ring, radial lorúkọ ẹ̀, kò sì burú rárá, kódà mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ring lọ torí tó bá já ẹ máa mọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kù níwájú á kú. Àmọ́ bírékà 20 ló yẹ kó wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ 32 dandan, ẹ lo wáyà 4. Àwa fi 32 lé 2.5 lórí, a kó owó iṣẹ́ wa, a lọ. Ring tó ti já láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé ni.

Ti Nàìjíríà tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Inú páìpù tó wà nínú sìmẹ́ǹtì la máa ń fa wáyà gbà, tẹ́ ẹ bá rọ́ wáyà mẹ́wàá sínú páìpù kan, wọ́n á máa mú ara wọn gbóná, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé á já wálẹ̀. Tí iná NEPA bá wálẹ̀ di 160, kẹ́tù á jẹ áńpù tó kéré sí i, àmọ́ mọ́tò éésì àti fìríìsà á jẹ púpọ̀ sí i, torí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ò dín kù. Àti wáyà ayédèrú, alumínì tí wọ́n fi bàbà wẹ̀ lójú. Ẹ fi bíléèdì ha á, tó bá funfun nínú, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Wáyà kan tún wà tí wọ́n kọ 2.5 sí tí bàbà inú ẹ̀ ò tó 2.5, ìyẹn bíléèdì ò lè mú un. Ẹ gbé rólù ẹ̀ àti ti ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ sórí òṣùwọ̀n, gígùn kan náà, bàbà kì í purọ́ lórí òṣùwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa yẹ iná ilé wò kí wọ́n tó fà á láti orí òpó, NEMSA ni ìjọba fi iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ń sọ èyí fún àǹtí lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n fóònù àbúrò wọn tó ń gbé inú ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìkòròdú. Mo ní kó pe oníṣẹ́ iná kó pa iná, kó ṣí bọ́ọ̀dù, kó kàn ka wáyà tó wọ inú bírékà sọ́kẹ́ẹ̀tì fún wa, ṣé méjì ni àbí ọ̀kan. Ó pè padà nígbà tó di alẹ́. Wáyà ọ̀kan, 2.5. Bírékà, 32. Oníṣẹ́ náà gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ mà, láti 2016 la ti ṣe é, kò kọ iṣẹ́ rí." Àǹtí wo ojú mi. Mo ní kó ra bírékà 20.